Ẹrẹ̀ ò le, omi tó ń tinú ẹ̀ padà ló le: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ dírẹ́jì wa

Mo ti ṣèlérí pé màá kọ bí iṣẹ́ dírẹ́jì yìí, ìyẹn gbígbẹ́ ẹrẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ omi, ṣe lọ sílẹ̀, ibi tó ti dáa àti ibi tí a ti ṣe bí òpè. Ọ̀nà omi tóóró kan ni, àwọn ọkọ̀ kéékèèké ló máa ń gúnlẹ̀ síbẹ̀, ó já sínú odò ńlá kan tí omi òkun máa ń wọ̀ tó sì máa ń fà. Ẹrẹ̀ ti kún ìsàlẹ̀ ẹ̀ débi pé tí omi bá ti fà báyìí, àwọn ọkọ̀ á kàn jókòó sórí ẹrẹ̀ bí ewúrẹ́ tó jẹun yó. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ni ká kó nǹkan bíi kúbíìkì mítà 1,800 kúrò níbẹ̀, ká má sì ba odò jẹ́. Kíkó ẹ̀ ò ju wákàtí 40 lọ tí ẹ bá ka àkókò tí pọ́ǹpù fi ṣiṣẹ́ gan-an. "Ká má sì ba odò jẹ́" yẹn ló gba ọ̀sẹ̀ méje.

Tí wọ́n bá ní dírẹ́jì ń ba omi jẹ́, ohun tó máa ń wá sí èèyàn lọ́kàn ni ẹ̀rọ tó ń ké láàárín omi tí gbogbo àyíká ẹ̀ rú. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Dírẹ́jà tí a háyà jẹ́ èyí tí orí ẹ̀ ń yí tó ń gé ẹrẹ̀, pọ́ǹpù á fa ẹrẹ̀ yẹn mọ́ omi, á wá fi páìpù rán an lọ sí èbúté. Ibi tó ń gé gan-an ò rú tó bí mo ṣe rò torí pọ́ǹpù ń fa púpọ̀ nínú ohun tó bá dìde. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde lẹ́nu páìpù, nínú ọgọ́rùn-ún, 15 péré ni ẹrẹ̀ bó ṣe wà nísàlẹ̀, gbogbo ìyókù omi ni. Ẹ wá fi 0.15 pín 1,800, kúbíìkì mítà 12,000 nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ ló máa kọjá lọ́wọ́ wa, omi inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sódò, ó sì gbọ́dọ̀ tòrò kó tó padà. Ìwé àṣẹ wa ní kò gbọdọ̀ fi ju 50 NTU lọ rú ju omi odò tí a ò tíì fọwọ́ kàn. NTU ni wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe rú, wọ́n á tan iná sínú omi, wọ́n á wo bí ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́rí ṣe pọ̀ tó.

Kí pọ́ǹpù tó ró

Ẹni tó kọ́kọ́ wá gba sáńpù fi garawa gbọ́n ẹrẹ̀ tó wà lókè, ó ní ó mọ́. Mo ní rárá o. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ń tẹ́ lé ara ẹ̀ bí ẹní ni, ti ọdún yìí ló wà lókè, ti ogún ọdún sẹ́yìn wà lábẹ́, abẹ́ yẹn náà la sì fẹ́ gbẹ́ dé. A wá ti páìpù rọ́bà tó gùn ní mítà méjì bọlẹ̀ ní ibi mẹ́sàn-án, a fà á yọ tòun ti ẹrẹ̀ inú ẹ̀, a gé e ní wẹ́wẹ́, a kó o lọ sí láàbù. Mẹ́jọ dáa. Ìkẹsàn-án wá láti kọ̀rọ̀ tí wọ́n ti máa ń ha ìdí ọkọ̀ láyé àtijọ́, bó ṣe kọjá mítà kan nísàlẹ̀ báyìí, bàbà àti síńkì ti pọ̀ jù, TBT náà wà níbẹ̀.

TBT ni kẹ́míkà tí wọ́n máa ń pò mọ́ ọ̀dà ìdí ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ kí ìṣáwùrú àti ewé omi má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, àní ó ṣiṣẹ́ jù, torí ó ń mú kí abo ìgbín inú òkun máa hu ẹ̀yà akọ. Àdéhùn àgbáyé tó fòfin dè é, ọdún 2001 ni wọ́n ṣe é, ọdún 2008 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹrẹ̀ tó ti mu ún ṣáájú ìgbà yẹn ò gbọ́ òfin kankan, ó kàn sùn síbẹ̀ ni.

A tún ṣe ìdánwò kan tí mo fẹ́ràn torí pé kò ní wàhálà: ìwọ̀n ẹrẹ̀ kan sí ìwọ̀n omi mẹ́rin, ẹ pò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ wá fi omi tó léfòó wádìí ohun tó ti yọ́ sínú ẹ̀. Bí omi adágún yín, ìyẹn ibi tí ẹ máa da ẹrẹ̀ sí kó lè rì, ṣe máa rí nìyẹn kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ìdánwò yìí ló jẹ́ ká ya kọ̀rọ̀ yẹn sọ́tọ̀, bíi kúbíìkì mítà 120, katapílà tó ní garawa onídèérí ló kó o, kò kàn pọ́ǹpù rárá, inú kòtò tí a tẹ́ rọ́bà nípọn sí ló lọ, a sì bò ó.

Ọ̀gá tó ni iṣẹ́ bi mí pé kí ló dé tí a ò kàn gbé gbogbo ẹ̀ lọ dà sínú òkun. Ìbéèrè yẹn ò burú, òfin náà ò ní rárá pátápátá. Àdéhùn London ti 1972 àti èyí tí wọ́n fi tún un ṣe ní 1996 ka ẹrẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ mọ́ ara ìwọ̀nba ohun tí wọ́n lè gbà láàyè, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kínníkínní kí ẹ tó dà á, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá kò wúlò níbòmíì. Tòun ti TBT yẹn, mi ò tiẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ọ̀gá tún ní ṣebí àwọn ará Netherlands ń fi ẹrẹ̀ kọ́ ilẹ̀ tuntun. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n lò. Zandmotor tí wọ́n ṣe ní 2011, kúbíìkì mítà mílíọ̀nù 21 àbọ̀, yanrìn òkun tó mọ́ ni látòkèdélẹ̀. Èyí tó jọ tiwa díẹ̀ ni Marker Wadden tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2016, yanrìn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ògiri yíká kí wọ́n tó da ẹrẹ̀ rírọ̀ sáàárín. Èyí tó dọ̀tí, ibi tí wọ́n ń tì í mọ́ yàtọ̀, Rotterdam ní ọ̀kan tó ń jẹ́ De Slufter láti 1987. Ó dákẹ́, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ 1: ọsàn já irọ́ wa

Adágún tí a ṣe sétí omi gùn ní mítà 60, ó fẹ̀ ní 25, a mọ amọ̀ yí i ká ní mítà méjì àbọ̀. Páìpù ń da ẹrẹ̀ sí apá kan, omi ń gba orí pákó tí a tò léra jáde ní apá kejì, bí ẹrẹ̀ bá ṣe ń ga la ṣe ń fi pákó kún un. Pọ́ǹpù ń gbé kúbíìkì mítà 300 wá ní wákàtí kan. Ojú adágún jẹ́ 1,500 níbùú lóròó, ẹ fi pín 300, ẹ ó rí mítà 0.2 ní wákàtí kan. Ohunkóhun tó bá ń rì lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ máa bá omi jáde. Ẹ ṣàkíyèsí pé jíjìn adágún ò sí nínú ìṣirò yẹn, fífẹ̀ ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èmi náà ti fìgbà kan rò pé kòtò tó bá ṣá ti jìn, ó parí.

Yanrìn tó fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà máa rì ní mítà kan láàárín bí ìṣẹ́jú méjì. Amọ̀ tó jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 2, ìyẹn ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà, mítà kan yẹn náà máa gbà á tó ọjọ́ mẹ́ta. Tí ẹ bá sọ ọ́ di kékeré lọ́nà mẹ́wàá, rírì ẹ̀ á lọ́ra lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti burú nìyẹn. Adágún wa lórí ìwé, ó lè dá gbogbo ohun tó bá ti ju máíkírọ́ọ̀nù 8 lọ dúró.

Lórí ìwé. Mo ju ọsàn kan sómi lẹ́nu páìpù. Omi inú adágún ò ju mítà kan lọ lọ́jọ́ yẹn, kúbíìkì mítà 1,500, nítorí náà ó yẹ kó lo wákàtí márùn-ún kó tó débi pákó. Ìṣẹ́jú 35 ló dé. Mo ní bóyá atẹ́gùn ló tì í, mo wá rọ omi sínú ike kan kó lè rì dé ọrùn kí atẹ́gùn má rí i mú, ìyẹn náà dé ní ìṣẹ́jú 50. Omi ti la ọ̀nà tààrà fún ara ẹ̀ láàárín adágún, ìhà méjèèjì kàn dúró gbagidi, wọn ò ṣe nǹkan kan. A wá fi igi àti geotextile, aṣọ líle tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀, ṣe ògiri méjì sínú ẹ̀, ọ̀kan ṣí lápá ọ̀tún, èkejì ṣí lápá òsì, kí omi lè máa rìn kọ́lọkọ̀lọ. Ike dé ní wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. Ìdajì ọjọ́ ni iṣẹ́ yẹn gbà, mi ò tíì rí iṣẹ́ tó lérè jù ú lọ nínú gbogbo èyí tí a ṣe.

Ọ̀sẹ̀ 2: kọ́tìnì ya

Kọ́tìnì ẹrẹ̀ ni aṣọ gígùn tí a ta yí ibi tí dírẹ́jà ti ń ṣiṣẹ́ ká, fọ́ọ̀mù tó ń léfòó wà lókè, ṣéènì wà nínú ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ kó lè wúwo. Ohun tí mo ṣe tí kò yẹ kí n ṣe: mo fẹ́ kó dí pátápátá, mo wá gé aṣọ náà gùn dé ìsàlẹ̀ omi. Nígbà tí omi fà, aṣọ ká jọ sórí ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ tuntun bọ̀ lé e, ó mú ṣéènì mọ́lẹ̀. Omi wá kún padà lóru, fọ́ọ̀mù fẹ́ gòkè, ṣéènì ní kò síbi tó ń lọ, aṣọ ya láti òkè dé ìdajì. Ilẹ̀ mọ́ a bá fọ́ọ̀mù mẹ́ta tó ti já lọ.

Títún un ṣe: a rán ibi tó ya ní ìlọ́po méjì, a fi bẹ́líìtì lé ojú rírán náà, a wá gé ìsàlẹ̀ kúrò kó lè máa ku bíi ààbọ̀ mítà sí ilẹ̀ nígbà tí omi bá fà tán. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹrẹ̀ máa gba àlàfo yẹn kọjá. Iṣẹ́ kọ́tìnì kọ́ ni láti sé ẹrẹ̀ mọ́lé, ó kàn ń lé e sísàlẹ̀ kó lè rì kíákíá ni. Áńkọ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni a ti so ó tẹ́lẹ̀ bí ẹni pé odò ń ṣàn sí ọ̀nà kan, a gbàgbé pé odò yìí ń ṣàn padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó ti wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì báyìí. Tí ìṣàn omi bá sì ti ju ààbọ̀ mítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ má da ara yín láàmú, ńṣe ló máa ń fẹ́ bí yẹ̀rì nínú atẹ́gùn. Ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀ a máa ń dá dírẹ́jà dúró ni.

Ọ̀sẹ̀ 3: òjò

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ kà dáadáa rèé.

Ṣáájú iṣẹ́, mo ti po ẹrẹ̀ àti omi odò sínú ìgò méje, mo gbé wọn kalẹ̀, wákàtí kan péré gbogbo ẹ̀ ti tòrò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti wà nísàlẹ̀. Mo rò pé a ti rí i ṣe. Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì, omi tó ń jáde lórí pákó wà ní nǹkan bíi 30 NTU, gbogbo wa ń yangàn. Òjò wá rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Lọ́jọ́ kẹta a tan pọ́ǹpù, ní ọ̀sán omi tó ń jáde ti dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò amọ̀, mítà kà ju 400 NTU lọ. Adágún ò yí padà, ẹrẹ̀ ò yí padà, ògiri aṣọ wà níbẹ̀, ike ṣì lo wákàtí mẹ́ta. Mo dá iṣẹ́ dúró, mo jókòó ti adágún yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, kò tòrò. Ilẹ̀ mọ́, kò tòrò.

Iyọ̀ ni. Ọjọ́ tí mo gba omi sínú ìgò méje yẹn, omi òkun ti wọlé kún, mi ò ronú kàn án rárá. Ara amọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iná díẹ̀, irú kan náà ni gbogbo wọn ní, torí náà wọ́n ń tara wọn sẹ́yìn bí mágínẹ́ẹ̀tì méjì tí ẹ fi ojú kan náà kora wọn. Tí iyọ̀ bá wà nínú omi, agbára tí wọ́n fi ń tara wọn yẹn á rọ̀, wọ́n á lè súnmọ́ra, wọ́n á so di ìṣù, ìṣù náà á wúwo á rì. Òjò ti gbá iyọ̀ jáde kúrò nínú odò. Amọ̀ máíkírọ́ọ̀nù 2 tó ti ń rì bí ẹni ńlá torí pé ó so mọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀, ti padà di ọmọ kékeré tó ń gba ọjọ́ mẹ́ta.

Mo lọ mú mítà tó ń wọn iyọ̀. Nígbà tí omi fà, ó kà 0.4 mS/cm. Nígbà tí omi kún, ó kà 12. Mo tún ìgò méje ṣe, mẹ́ta lómi fífà, mẹ́rin lómi kíkún, kò tiẹ̀ sí àríyànjiyàn níbẹ̀ mọ́.

Àwọn èèyàn ní kí n da álọ́ọ̀mù sí i. Ó máa mú un tòrò lóòótọ́, àmọ́ ó ń fa omi sí ìhà ásíìdì, mo sì ti fura sí ásíìdì nínú ẹrẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, ẹ ó rí i nísàlẹ̀. Ẹni tó ń ta pólímà, kẹ́míkà tó ń so ẹrẹ̀ di ìṣù, gbé oríṣi méjì wá. Èyí tó ní iná rere lára ló ṣiṣẹ́ jù nínú ìgò, òun gan-an ló sì léwu jù fẹ́ja torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìjàgbá wọn, omi yìí sì ń padà sódò, mo dá a padà. Èyí tó ní iná òdì ò pa ẹja tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n nínú omi tí kò níyọ̀ kò ríbi dì mú.

Ohun tí a ṣe gbẹ̀yìn rọrùn débi pé ojú tì mí díẹ̀. A yí àkókò iṣẹ́ padà. Kàkà ká máa tan pọ́ǹpù ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ bí òṣìṣẹ́ ìjọba, a ń tan án ní wákàtí méjì kí omi tó kún tán títí di wákàtí kan lẹ́yìn ẹ̀, ká lè fa omi oníyọ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Bọ̀dá tó ń wa dírẹ́jà ráhùn torí pé nígbà míì aago mẹ́ta òru ló bọ́ sí, mo bẹ̀ wọ́n, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara dà á. Ọjọ́ tí mítà iyọ̀ bá kà kéré sí 5, ká tó dá nǹkan kan padà sódò a ó dí ẹnu pákó, a ó da jípísọ́ọ̀mù tí a lọ̀ kúnná sínú adágún, bíi kílò 30 fún kúbíìkì mítà 100 omi, a ó dúró fún ọjọ́ méjì. Kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí iyọ̀ ì bá ṣe. Ó lọ́ra, ó ń su èèyàn, ẹ̀ẹ̀mẹta péré la sì lò ó. Omi tó ń jáde padà sí 25 sí 40 NTU.

Ọ̀sẹ̀ 4 àti 5: sẹ́ńsọ̀ ń parọ́

Sẹ́ńsọ̀ tí a rì sódò láti máa wọn bí omi ṣe rú bẹ̀rẹ̀ sí í ké lálẹ́ nígbà tí pọ́ǹpù ti kú. Ewé omi ló ti bo ojú ẹ̀. A fi wáípà kékeré sí i, a fi téèpù bàbà wé ọrùn ẹ̀ torí ohun abẹ̀mí ò fẹ́ràn bàbà, ó dákẹ́. Èyí tí a ń pè ní sẹ́ńsọ̀ "òkè odò", fún wákàtí mẹ́fà tí omi fi ń kún, ìsàlẹ̀ odò ló jẹ́, ó ń wọn ẹrẹ̀ tiwa fúnra wa, a wá ń fi ṣe òdiwọ̀n omi tó mọ́! A fi kẹta sí i, a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé èyíkéyìí tí omi bá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ la ó máa kà sí òkè.

NTU kì í sì í ṣe ìwọ̀n ẹrẹ̀ o. Ẹ gbọ́dọ̀ gba omi sígò, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbẹ ohun tó kù lórí asẹ́ ní 105°C, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n, kí ẹ tó mọ iye mílígíráàmù tí NTU kan jẹ́ níbi tiyín. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mílígíráàmù méjì sí NTU kan, tẹlòmíì lè yàtọ̀ pátápátá.

Ọ́síjìn: ẹrẹ̀ dúdú yẹn ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tí ẹ bá rú u sókè ó ń jẹ ọ́síjìn inú omi. Ìdájí ló máa ń kéré jù. A fi ẹnu kò pé tó bá ti bọ́ sábẹ́ 4 mílígíráàmù ní lítà, pọ́ǹpù á kú. Ó ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ méjì.

Ọ̀sẹ̀ 6 àti 7: ẹrẹ̀ di ásíìdì

Pọ́ǹpù ti parí, gbogbo èèyàn ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ojú ẹrẹ̀ ti gbẹ, ó ya bí gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́, mo wá rí àwọ̀ yẹ́lò ràkọ̀ràkọ̀ nínú ibi tó ya. Òjò díẹ̀ rọ̀, mo wọn omi tó ṣàn jáde: pH 4.1 (bó bá ṣe kéré sí 7 tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó). Nígbà tí ẹrẹ̀ yẹn wà lábẹ́ omi ó wà ní 7.4.

Òórùn ẹyin yẹn ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Sọ́fọ̀ tó so mọ́ irin wà nínú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá wà lábẹ́ omi tí afẹ́fẹ́ ò débẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, tó bá gbẹ tí afẹ́fẹ́ wọlé ó di ásíìdì inú bátìrì mọ́tò, ásíìdì náà á wá tú àwọn mẹ́táàlì tó ti sùn jẹ́jẹ́ sínú omi. Ìdánwò ẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ẹ kán pẹrọ́sáìdì sórí ẹrẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó hó tán, ẹ wọn pH ẹ̀, tó bá bọ́ sábẹ́ 3 ẹ múra. Tiwa 2.6. Ó yẹ kí n ti ṣe é lára ẹrẹ̀ inú páìpù mẹ́sàn-án yẹn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo ní ìgò pẹrọ́sáìdì nínú àpótí mi ní gbogbo ìgbà yẹn, mi ò kàn ṣe é ni.

A dí ẹnu pákó kí nǹkan kan má jáde, a da láìmù oko sí ojú adágún, a ro ó wọnú ẹrẹ̀ dé ibi tó ti gbẹ dé, láàbù ló ṣírò iye tó máa gbà, a fi ìdajì kún un torí pé pípò ẹ̀ kì í dọ́gba. Apá ìsàlẹ̀ tó ṣì tutù, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ò jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá omi tó ń ṣàn jáde kà 6.8, a sì ṣí pákó.

Bó ṣe wà báyìí

Ẹnu ibi tí páìpù ń da ẹrẹ̀ sí, yanrìn ló pọ̀ níbẹ̀ torí òun ló ń kọ́kọ́ rì, a ti kó ìyẹn lọ fi kún ilẹ̀ tó rì lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀. Ẹrẹ̀ kíkúnná tó kù ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó ti fi ogójì sẹ̀ǹtímítà kúrú sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù kú, a ó máa wọn pH ẹ̀ lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan. Kòtò TBT wà lábẹ́ ìbòrí ẹ̀. Kọ́tìnì ti wà lórí ilẹ̀, ó ya níbi tuntun méjì tí mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó ya. Sẹ́ńsọ̀ kẹta ṣì kù sómi, bátìrì ẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, tí omi bá fà lọ́jọ́ Ẹtì màá wọ̀ ọ́ lọ yọ ọ́.